Rẹ́múrẹ́mú Ni Ohun Ẹni Ń Bá Ni Mu

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ìtẹ́lọ́rùn la sábà máa ń fi òwe náà wàásù, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ẹ́ kó aṣọ iṣẹ́ jọ pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ lè gbà á bó ṣe rí gan-an, kó gbà á ní ọ̀rọ̀ ṣòkòtò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó tàbí Ìbàdàn ló rò pé iye aṣọ tí àwọn ní ni yóò sọ àwọn di ẹni àpọ́nlé. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Aṣọ mélòó kan tó bá ara mu, tó mọ́, tí a sì lọ̀ dáadáa, ti tó ọmọ ọ́fíìsì. Ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀, kó ra díẹ̀, kó sì yọ owó télọ̀ sílẹ̀ nínú owó náà kó tó dé ọjà rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 là kalẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà. Lọ́dún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní 85,000 ni tàwọn. Bí a bá yọ owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó ilé kúrò níbẹ̀, ohun tó kù fún aṣọ kò ju kí a fẹnu sí i. Ká sọ pé owó náà lè ra aṣọ méje láàárín oṣù mélòó kan. Ẹni tó ra ẹ̀wù mẹ́fà àti ṣòkòtò kan, ìmúra mẹ́fà ló ní. Ẹni tó ra ẹ̀wù márùn-ún àti ṣòkòtò méjì, tí gbogbo wọn sì bára wọn lọ, ìmúra mẹ́wàá ló ní, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ́nu iṣẹ́. Aṣọ méje náà ni àwọn méjèèjì rà. Gbogbo agbára ìṣirò yìí wà nínú pé kí wọ́n bára wọn lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì dúdú, aláwọ̀ eérú tàbí búlúù tó ṣú, àti ẹ̀wù funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀wù olódòódó tó jẹ́ pé ṣòkòtò kan ṣoṣo ló gbà á, kó ṣì wà lọ́jà ná.

Ọjà wo wá ni? Katangua lágbègbè Abúlé Ẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń ra òkìrìkà, ìyẹn aṣọ àlòkù. Yábà náà ò gbẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já bélì ni aṣọ ń wọ́n, torí àkọ́ṣà ló wà nílẹ̀. Bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ ni owó ń wálẹ̀, tí ohun tó kù sì ń burú sí i. Kí ẹni tó ń rajà má wo orúkọ tí wọ́n rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù kó tó wo ẹ̀wù fúnra rẹ̀. Kó yí kọ́là síta, kó wo ibi tó ti ń ra ọrùn. Kó wo abẹ́ abíyá, nítorí òógùn tó ti pọ́n síbẹ̀ kì í ṣí mọ́. Kó na ìdí ṣòkòtò sí oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú, aṣọ náà ti fẹ́ẹ́ ya. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan èjìká, mo sì fẹ́ tẹnu mọ́ ọn. Télọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù wọlé, ó lè gé apá, ó lè ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ṣùgbọ́n èjìká tó bá ti wọ́ kọjá egungun, iṣẹ́ ńlá ni kí wọ́n tó tú u, owó rẹ̀ sì lè ju owó ẹ̀wù lọ. Nítorí náà, èjìká ni kó bá ni mu lọ́jà. Ìyókù, àwọn ọbíọma tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ léjìká kiri àdúgbò, tí à ń gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí wọn kí a tó rí wọn, lè ṣe é ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹnì kan lè ní aṣọ àlòkù wà lára ohun tí òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n má kó wọlé. Òótọ́ ni, ó wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù, bélì ò sì yéé wọlé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á, tàbí tí kò lè wọ ohun tí ẹlòmíràn ti wọ̀, kó lọ sí Gbági n'Íbàdàn tàbí Balógun l'Ékòó, kó ra aṣọ ní yáàdì, kó gbé e fún télọ̀ kó wọ̀n ọ́n. Ó lè wọ́n ju òkìrìkà lọ, àmọ́ kò sí èyí tó máa bá ara mu tó o. Kó ṣáà má dá ọjọ́ tó fẹ́ẹ́ wọ̀ ọ́ gan-an fún un, torí àdéhùn télọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ìrínisí ni ìsọnilójọ̀: bí wọ́n bá rí ni nínú ẹ̀wù kan náà lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ojú tín-ín-rín ni wọn yóò fi wo ni. Mo gba òwe náà, àmọ́ kí ni ojú kọ́kọ́ ń rí? Kọ́là tó dọ̀tí, bọ́tìnnì tó já, bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn agbẹjọ́rò ń wọ dúdú àti funfun lọ sí kóòtù láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kò sì sẹ́ni tó sọ pé wọn ò láṣọ. Ní ti obìnrin, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ojú ọ́fíìsì mú sí wọn ju ti ọkùnrin lọ, àwọn akẹgbẹ́ a sì máa rántí gáùn pupa tí obìnrin wọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò dáa, àmọ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tó fi yẹ kí owó gidi lọ sórí ohun tí ojú kì í tètè dá mọ̀, bíi síkẹ́ẹ̀tì dúdú tàbí gáùn dúdú kan tí kò ní ọ̀ṣọ́, kó wá máa fi búláòsì àti ìborùn yí i padà. Ẹni tó bá sì ń wo aṣọ ọ̀gá, kó rántí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn súùtù tí ọ̀gá ń pààrọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kó wọn jọ. Òmíràn wà níbẹ̀ látìgbà tí kò tíì yọkùn.

Aṣọ díẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú ju aṣọ púpọ̀ lọ, torí ìgbà gbogbo ni à ń wọ̀ ọ́. Òwú pọ́ńbélé tutù lára ṣùgbọ́n ó ń rún. Pólíẹ́sítà kì í rún, àmọ́ nínú danfo tó há lóṣù Kẹta, òórùn òógùn á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí iná ọba ti ń ṣe ségesège, àdàlù méjèèjì ni mo fara mọ́. Bí kò bá sí àkọlé nínú ẹ̀wù, kí a fún igun rẹ̀ mọ́ ọwọ́ pinpin, kí a sì tú u: bí kò bá fẹ́ẹ́ nà mọ́, àárọ̀ ọjọ́ tí kò bá síná, áyọ́ọ̀nù eléèédú nìyẹn. Kí á yí inú aṣọ dúdú síta, kí á sá a síbi òjìji, torí oòrùn ń jẹ àwọ̀. Aṣọ lílọ̀ kì í sì í ṣe fún ẹwà nìkan. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tí a sá síta, tí ìdin rẹ̀ ń wọ ara ènìyàn, ooru áyọ́ọ̀nù ló ń pa á. Ní ti bàtà, aláwọ dúdú kan tí aránbàtà lè pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó. Lásìkò òjò, kí sálúbàtà máa wọ danfo, kí bàtà wà nínú báàgì títí dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Bí a bá wá ń wá ibi tí owó aṣọ iṣẹ́ ń gbà lọ, àwìn àti aṣọ ẹbí ni. Nínú ọ́fíìsì gan-an ni akẹgbẹ́ ẹni ti ń tú bàtà àti gáùn sílẹ̀, tí yóò ní kí a san án níparí oṣù. Aṣọ àwìn ò yàtọ̀ sí ṣòkòtò àgbàbọ̀ títí a ó fi san án tán. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó wọ́n, kó dá àjọ, kó fi rà á lọ́jọ́ tó bá kó o. Aṣọ ẹbí le díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè ní òun ò bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ankara, kí a má jẹ́ kí télọ̀ fi àrà ọjọ́ Àbámẹ́ta ba á jẹ́. Kó rán an wọ́ọ́rọ́wọ́, kó ní apá, kó ní àpò, kó ṣe é wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń gba aṣọ ìbílẹ̀ láyè. Mẹ́rin irú rẹ̀ lọ́dún, aṣọ ọjọ́ Ẹtì oṣù kan ti pé nìyẹn.

Bí ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ ṣe lè ra aṣọ méje náà nìyí. Oṣù kìíní, kó ra ṣòkòtò kan, bàtà, àti ẹ̀wù méjì. Oṣù kejì, ṣòkòtò kejì. Oṣù kẹta, ẹ̀wù tó kù. Oṣù kẹrin, kó má ra nǹkan kan; kó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá télọ̀, kó ní kó wo bọ́tìnnì, kó sì tún ìbàdí ṣòkòtò wọ̀n, torí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó sọ́fíìsì látàárọ̀ dalẹ́ kì í pẹ́ yí padà.