Láàárín ‘Wò’ àti ‘Wò Sàn’

Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí a wò kò tíì di ẹni tí ó sàn: oníṣègùn lè wo aláìsàn títí oṣù yóò fi lé, kí ó sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, síbẹ̀ kò sí irọ́ nínú pé ó wò ó, ṣùgbọ́n bí a bá ti ní ‘ó wò ó sàn’, a ti jẹ́rìí pé àrùn fi ara sílẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn akọ̀ròyìn ń lò láìṣọ́ra ni orúkọ àrùn tí eégbọn ń gbé láti ara eku bọ́ sí ara ènìyàn, tí kókó ríro fi ń so ní abíyá tàbí ní ìpàdé itan, èyí tí ó wọ Èkó ní 1924, tí wọ́n sì ń pè ní ‘àjàkálẹ̀ àrùn’ lásán, bí ẹni pé onígbáméjì àti ṣọ̀pọ̀ná kò jà káàkiri ilẹ̀ rí. ‘Àjàkálẹ̀ àrùn eku’ ni èmi ń pè é.

Ní erékùṣù Madagásíkà, níbi tí àrùn yìí kò tíì kúrò nílẹ̀, àwọn oníṣègùn fi ìtọ́jú méjì wéra, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2025: abẹ́rẹ́ streptomycin tàbí gentamicin fún ọjọ́ 3, tí hóró ciprofloxacin yóò tẹ̀ lé fún ọjọ́ 7, ni ọ̀kan, hóró ciprofloxacin nìkan fún ọjọ́ 10 ni èkejì. Nínú 111 ènìyàn tí wọ́n kà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, oògùn kò jẹ́ fún 10 nínú àwọn oníhóró, kò sì jẹ́ fún 9 nínú àwọn alábẹ́rẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: ẹni tí ó bá sáré kọ ọ́ pé ‘hóró sàn ju abẹ́rẹ́ lọ’ ti purọ́ mọ́ àwọn oníṣègùn, ẹni tí ó sì ní ‘ọgbọọgba ni wọ́n’ ti sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ. Gbólóhùn tí ó bá a mu rẹ́gí ni: ‘hóró kò rẹ̀yìn sí abẹ́rẹ́’. Kò rẹ̀yìn, a kò wí pé ó síwájú. Ibòmíràn ni àǹfààní rẹ̀ wà, pé ará abúlé tí kò ní nọ́ọ̀sì nítòsí lè gbé e mì fúnra rẹ̀.

Ẹ tún bá mi fura sí ‘apakòkòrò’ bí orúkọ irú oògùn wọ̀nyí. Oògùn tí àwọn olóko kòkó ń fín sí igi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. ‘Oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn’ gùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìyá ọlọ́mọ tí yóò gbọ́ ọ, tí yóò sì gbé agolo oògùn oko lọ bá aláìsàn.