Àwòṣe Ẹ̀rọ Láti Ara Bíríkì Oníke

Àwòṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi bíríkì oníke tò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọkọ̀, kó rìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, kí nǹkan yí nínú rẹ̀ bí ti gidi ṣe ń yí. Nínú gbogbo bíríkì tí wọ́n ń lò fún irú àwòṣe bẹ́ẹ̀, ti LEGO ló gbajúmọ̀ jù lọ. Káfíńtà ará Denmark kan, Ole Kirk Christiansen, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Billund lọ́dún 1932, igi ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń ṣe ohun ìṣeré níbẹ̀. Ọdún 1958 ni wọ́n tọrọ ìwé àṣẹ lórí bíríkì oníke tó ń há mọ́ra wọn dáadáa bó ṣe wà dòní. Nígbà tó di 1977, wọ́n mú irú kan jáde tó ní ihò lára, tó ní jíà àti ṣáàfù, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Technic. Orí Technic yìí ni ìmọ̀ràn tó wà níhìn-ín dá lé, fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi í ṣe fàájì tó ní láárí.

Ohun àkọ́kọ́ tí àgbà nínú iṣẹ́ yìí máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ti rí, tí etí rẹ̀ ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sí Ẹ̀rúnmú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, tàbí sí abúlé oko èyíkéyìí yí Ìbàdàn ká, kò ní láti wá ẹ̀rọ lọ sínú ìwé. Ó ti ru ẹ̀gẹ́ lọ sílé gààrí rí. Ó ti rí bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìlù ìrin, ó mọ páànù tí wọ́n fi ìṣó lu tí ó wá di gbágungbàgun lára ìlù náà, ó sì ti dúró ti àpò ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi pákó dè, tí wọ́n wá ń fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tó ń wo àwòrán ẹ̀yìn páálí lọ, nítorí ó mọ ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún, ó sì mọ ìgbà tí kò ṣe é dáadáa. Ìwé kékeré tó bá bíríkì wá nínú páálí wúlò, kí ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn, kó pa á dé.

Àwọn ọmọ abúlé ti ń ṣe mọ́tò tipẹ́ kí bíríkì oníke tó dé: agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀, bàtà sílípáàsì tó ti gbó ni wọ́n ń gé ṣe táyà. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ìyẹn, ẹni tó bá sì ti ṣe é rí kò ní pẹ́ mọ Technic. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tó máa ń yọ irú wọn lẹ́nu. Agolo gba kí a fojú díwọ̀n, kí a dá ihò lu níbi tó bá wù wá, kí a fi wáyà fà á tọ́ bó bá wọ́. Bíríkì kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dá ihò rẹ̀ sí, ẹni tó ń tò ó ló máa bá ìwọ̀n rẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n náà kò pọ̀, kí ọ̀dọ́ kọ́ ọ sórí. Láti àárín kókó kan lórí bíríkì dé àárín èkejì jẹ́ mìlímítà 8. Gíga bíríkì kan, láìka kókó orí rẹ̀, jẹ́ mìlímítà 9.6. Bíríkì pẹlẹbẹ jẹ́ 3.2, ìyẹn ni pé mẹ́ta nínú rẹ̀ ló ga tó bíríkì kan. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé 9.6 kò bá 8 dọ́gba. Bí wọ́n bá to bíríkì oníhò méjì léra wọn lásán, ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ jìn síra ní mìlímítà 9.6, kò sì sí ọ̀pá oníhò kankan tó máa bá wọn mu, torí 8 ni ihò tirẹ̀ fi jìnnà síra. Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n fi bíríkì pẹlẹbẹ méjì sáàárín. 9.6 pẹ̀lú 6.4 jẹ́ 16, 16 sì jẹ́ 8 lọ́nà méjì. Ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ á wá bá ihò ọ̀pá mu, kí wọ́n na ọ̀pá náà dúró, kí wọ́n sì fi píìnì há a lókè àti nísàlẹ̀.

Ibi tí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Kókó orí bíríkì lágbára bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí agbára bá ń fà á sókè, ó máa tú. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kò mọ̀ ju kó máa fa nǹkan sókè, kó máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Férémù tí ọ̀pá adúróṣánṣán kò há mọ́ra á kọ́kọ́ là díẹ̀, eyín jíà á jìnnà síra, wọ́n á máa yọ̀ lára wọn pẹ̀lú ohùn ta-ta-ta kan tí gbogbo ẹni tó bá ti tò ó rí mọ̀ dunjú. Jíà ni ọ̀dọ́ á máa dá lẹ́bi, á pààrọ̀ rẹ̀ títí, férémù sì ni aláìsàn.

Bí férémù bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, ọ̀pá ìdábùú ló ń fẹ́. Gbogbo bíríkìlà tó ń fa okùn ìpìlẹ̀ ilé ló mọ 3, 4, 5: ẹsẹ̀ bàtà 3 lápá kan, 4 lápá kejì, bí ìdábùú bá jẹ́ 5, igun náà gún. Òfin kan náà ló wà nínú bíríkì, àmọ́ àlàfo ni wọ́n ń kà níbẹ̀, wọn kì í ka ihò. Àlàfo 3 ní ihò 4, àlàfo 4 ní ihò 5, àlàfo 5 ní ihò 6. Ẹni tó bá ka ihò dípò àlàfo á rí i pé ìdábùú òun kò wọlé, yóò sì fẹ́ fi ipá tì í. Ọ̀pá tí wọ́n bá fi ipá tì wọlé á máa fún ṣáàfù mọ́lẹ̀ nínú ihò.

Lẹ́yìn férémù ló kan jíà. Àwọn tó wọ́pọ̀ ní eyín 8, 16, 24 àti 40. Ìṣirò wọn rọrùn: ìdajì iye eyín, ní mìlímítà, ni ìwọ̀n láti àárín jíà dé ibi tí eyín rẹ̀ ti pàdé ti ẹnikejì. Eléyín 8 jẹ́ 4, eléyín 24 jẹ́ 12, àpapọ̀ wọn jẹ́ 16, nítorí náà àlàfo 2 ni wọ́n fi ń jìnnà síra. Eléyín 8 àti eléyín 40 ń fẹ́ àlàfo 3. Eléyín 24 àti eléyín 40 ń fẹ́ 4. Ṣùgbọ́n eléyín 16 àti eléyín 24 jẹ́ 20 mìlímítà, èyí tó jẹ́ àlàfo 2 àti ààbọ̀, wọn kò sì lè bára wọn mu lórí ìlà ihò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi ọ̀sán gbogbo bá jíà méjèèjì jà.

Jíà kékeré tó ń yí ńlá ń dín eré kù, ó sì ń fi kún agbára. Ká ní mọ́tò iná ń yí nígbà 240 ní ìṣẹ́jú kan, tí eléyín 8 lára rẹ̀ sì ń yí eléyín 24, ṣáàfù kejì á yí nígbà 80. Bí eléyín 8 míì lórí ṣáàfù kejì bá tún ń yí eléyín 40, ìkẹta á yí nígbà 16 péré, agbára rẹ̀ á sì fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po 15 ti àkọ́kọ́. A ní fẹ́ẹ̀, torí ibi gbogbo tí eyín ti ń kan eyín ni agbára díẹ̀ ti ń ṣòfò. Onílé gààrí mọ ọ̀rọ̀ yìí láìṣírò: púlì kékeré ló wà lára ẹ́ńjìnnì, ńlá ló wà lára ìlù. Kí ọ̀dọ́ pinnu ohun tí àwòṣe rẹ̀ ń fẹ́ kó tó mú jíà kankan. Ìlù ìrin ṣì ń fẹ́ eré tó ju ti ìfúngààrí lọ, ìfúngààrí ń fẹ́ agbára, ẹni tó bá sì fẹ́ méjèèjì lára mọ́tò kékeré kan ṣoṣo á pàdánù méjèèjì.

Ṣáàfù ní ìwà tirẹ̀. Kó wọ ihò méjì ó kéré tán, kí jíà sì wà láàárín méjèèjì, nítòsí. Jíà tó bá jáde sí ìta, tó rọ̀ sí orí ṣáàfù bí ẹni rọ̀ sétí pákó, á tẹ̀ síwá sẹ́yìn bí iṣẹ́ bá wúwo. Ṣáàfù gígùn máa ń lọ́ kó tó yí, ìyẹn ló fà á tí kẹ̀kẹ́ iwájú àwòṣe míì fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfò. Búùṣì tí wọ́n fi ń dá ṣáàfù dúró kò gbọ́dọ̀ fún mọ́ ara férémù pátápátá. Kó kù díẹ̀, ìwọ̀n tí bébà kan lè gbà kọjá. Píìnì náà pín sí méjì: dúdú ń há gbagidi, ti férémù nìyẹn, eérú ń yí geere, ti oríkèé tó ń rìn ni. Ẹni tó bá fi dúdú sí oríkèé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bíréèkì.

Kí wọ́n tó so mọ́tò mọ́ àwòṣe, ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi yí gbogbo rẹ̀. Ìka méjì tó. Bó bá wúwo níbì kan, tó fúyẹ́ níbòmíì, ibi tó wúwo yẹn ní àléébù, mọ́tò kò sì ní wò ó sàn. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó tú ibi mẹ́ta pa pọ̀ tó sì rí i pé ó ń yí, kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é.

Ìfúngààrí ni àwòṣe tó dára jù fún ẹni tó ti mọ èyí. Jíà kan wà tí ara rẹ̀ lọ́ bíi ti sukúrúù. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, eyín kan ṣoṣo ló máa fi sún jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń yí eléyín 24, ó di dandan kí sukúrúù náà, tí wọ́n ń fọwọ́ yí, yí nígbà 24 kí jíà náà tó yípo. Kí wọ́n fi eléyín 8 sórí ṣáàfù tí eléyín 24 náà wà, kó máa ti ọ̀pá eléyín wálẹ̀. Yíyí sukúrúù lẹ́ẹ̀kan á mú ọ̀pá náà wálẹ̀ ní bíi mìlímítà 1. Kí wọ́n wá rẹ fóòmù kékeré sómi, kí wọ́n fi àpò nẹ́ẹ̀tì wé e, kí wọ́n gbé e sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa yí i. Omi á kọ́kọ́ sun jáde létí nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà á máa kán tó-tó-tó. Bí wọ́n bá fọwọ́ sílẹ̀, ọ̀pá kò ní padà sókè, nítorí jíà ńlá kò lè yí sukúrúù padà. Ìfira-wọn-gbo tó ń jẹ agbára tó ju ìdajì lọ níbẹ̀ náà ló ń há a mọ́bẹ̀. Ẹ̀rọ yìí tún máa ń dán férémù wò láìṣojúsàájú: èyí tí kò ní ọ̀pá adúróṣánṣán á là lójú gbogbo ènìyàn kí omi tó kán. Fífi ọwọ́ yí i ló dára. Omi àti mọ́tò iná kò rẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé mọ́tò púpọ̀ ló ń mú àwòṣe dára. Ní 2018, LEGO to ọkọ̀ Bugatti Chiron kan tó tóbi tó ti gidi, tí ènìyàn wọ̀, tó sì rìn. Ẹ̀yà rẹ̀ ju mílíọ̀nù 1 lọ, mọ́tò kékeré inú rẹ̀ jẹ́ 2,304, eré rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju kìlómítà 20 ní wákàtí kan lọ. Ọlọ́kadà tí kò kánjú á kọjá lára rẹ̀. Iṣẹ́ ìyanu ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí agbára mọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣe kéré tó. Mọ́tò kan tí wọ́n fi jíà tó yẹ sí níwájú tó fún àwòṣe ilé gààrí lódindi.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa dá ṣe ìpinnu lè fi kọ̀ǹpútà kékeré kún un. Orí èyí ni ìdíje FIRST LEGO League dá lé láti 1998; àjọ Coderina ló ń ṣètò rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ẹgbẹ́ ni àwọn ọmọ sì ń lọ síbẹ̀. Ìmọ̀ràn kan péré ló wà lórí ìyẹn: kí ara ẹ̀rọ gún ná. Kò sí àṣẹ tí wọ́n lè kọ sínú kọ̀ǹpútà tó máa mú kẹ̀kẹ́ tó wọ́ rìn tààrà.

Owó bíríkì gidi kì í ṣe kékeré. Ìwé àṣẹ ọdún 1958 yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ṣe irú rẹ̀ lábẹ́ òfin, òmíràn dára, òmíràn kò há. Kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ tàbí ti olówó pọ́ọ́kú kọ́kọ́ yẹ píìnì àti jíà rẹ̀ wò. Bíríkì ara ògiri lè fara da àbùkù, jíà kò lè fara dà á. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku pupa á wọ inú ihò, á sì máa jẹ ṣáàfù. Omi tí kò gbóná ju 40°C lọ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, yàtọ̀ sí mọ́tò àti ohun gbogbo tó ń lo bátìrì. Abẹ́ ibòòji ni kó ti gbẹ, torí oòrùn máa ń sọ funfun àti eérú di pupa rúsúrúsú. Kí wọ́n má fi epo bẹntiróòlù nù ún, kí wọ́n má sì fi girísì sí jíà. Epo bẹntiróòlù á mú ike náà sán, girísì á sì kó eruku jọ.

Bí wọ́n bá tú àwòṣe palẹ̀, ìrísí ni kí wọ́n fi ṣà á sọ́tọ̀, kì í ṣe àwọ̀. Nínú agolo píìnì, ojú tètè ń rí dúdú láàárín eérú. Nínú agolo dúdú, píìnì kan láàárín ọgọ́rùn-ún ohun dúdú lè gba ìrọ̀lẹ́ kan. Agolo mílíìkì tó ti ṣófo dára fún píìnì, búùṣì àti jíà. Ṣáàfù ń fẹ́ ohun tó gùn, kí wọ́n sì tò ó láti orí èyí tó kúrú dé èyí tó gùn jù.