Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́

Kànga ẹ̀rọ tí kánsù kọ sára pátákó kò yọ omi, pátákó ti ń ṣí bọ́, àwa jókòó, a ń gbé alága kánsù ṣépè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó ń ṣépè lábẹ́ igi kò sì yàtọ̀ sí ẹni tó dákẹ́. Kì í ṣe èpè, ìwé ló máa ń sọ ibi tówó kànga gbà.

Abala 14 nínú ìwé òfin Nàìjíríà tọdún 1999 ní ọ̀dọ̀ aráàlú nìjọba ti gba agbára. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n a ò lè tìtorí rẹ̀ pẹjọ́. Abala 39 ni ká dì mú: ó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ àti láti gba ìròyìn, kóòtù sì lè gbèjà rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn tọdún 2011 wá là á yékéyéké. Ẹnikẹ́ni lè ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan han òun láìsọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì ní láti fèsì; wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fẹnu sọ tirẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òfin yìí de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ náà.

Nítorí náà, má kọ “olè ni yín” sínú lẹ́tà tí o bá fẹ́ fi béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ kánsù. Béèrè pé: èló lẹ san fún kànga àdúgbò wa, ta ni agbaṣẹ́ṣe, ọjọ́ wo ló yẹ kó parí? Ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n buwọ́ lu tìrẹ, kí wọ́n kọ déètì sí i. Mo tẹnu mọ́ èyí gan-an, torí láìsí ìbuwọ́lù, wọ́n á ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fèsì, o ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ẹ̀rù lè máa bani láti dá a kọ. Ọwọ́ èwe ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: kí ọ̀dọ́ tó mọ̀wé kọ ọ́, kí àwọn lándílọ́ọ̀dù àtàwọn ìyá ọlọ́jà buwọ́ lù ú.

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jẹ́ kí ìpàdé yín tó ń bọ̀ yan ẹni tí yóò kọ lẹ́tà náà, kẹ́ ẹ sì mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbé e lọ.