Flåm Kò Parí sí Èbúté

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kí ó dúró sí èbúté Flåm ní Nọ́wè lọ́jọ́ tí ọkọ̀ afẹ́ ńlá bá gúnlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á tú jáde sí abúlé tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra fìlà òtútù, wọ́n á padà sínú ọkọ̀, wọ́n á ní àwọn ti rí Flåm. Èbúté ni wọ́n rí.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wọ ọkọ̀ láti Southampton ní Britain, ẹ kẹ̀yìn sí omi, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Omi náà tó wò o, n ò ní purọ́: ẹ̀ka Sognefjord ni, apá òkun tí yìnyín ayé àtijọ́ gbẹ́ wọ àárín òkè ju 200 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ó ti wò ó tẹ́rùn látorí ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè lọ sí Myrdal náà dára, ó sì wọ́n. Ẹni tí kò bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ó má fi àárọ̀ ṣòfò lórí ìlà.

Ẹ tẹ̀lé odò lọ sókè àfonífojì. Odò tó mọ́ gaara yìí ló kún àkúnya ní oṣù Kẹwàá 2014, tó wó ilé onílé. Bí ẹ bá rìn tó bíi kìlómítà mẹ́ta, ẹ ó kan ṣọ́ọ̀ṣì onígi tí wọ́n kọ́ ní 1670. Ilẹ̀kùn rẹ̀ lè wà ní títì. Ìta rẹ̀ nìkan tó ìran wíwò.

Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá gbà á, kí ó yà sí Brekkefossen, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn: ọ̀nà ibẹ̀ ga, àtẹ̀gùn òkúta tí àwọn Sherpa láti Nepal tò ló wà níbẹ̀, òjò a sì máa mú un yọ̀. Ẹ fi sálúbàtà sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ibi tí a bá ń gbé ni à ń ṣe. Òfin Nọ́wè ti 1957 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti rìn nínú igbó àti lórí òkè láìtọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, ṣùgbọ́n oko tí wọ́n dá àti àgbàlá ilé kò sí nínú rẹ̀. Ibí gan-an ni àlejò ti ń ṣìṣe. Ilé àwọn ará ibẹ̀ kì í sábà ní ògiri gíga yíká bíi tiwa. Èèyàn á rò pé ìta gbangba ni, kó tó mọ̀, ó ti gbé kámẹ́rà dúró lẹ́nu fèrèsé onílé. Ẹ kí wọn, ẹ kọjá. Géètì tí ẹ bá ṣí, ẹ tì í padà, nítorí àgùntàn.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ọkọ̀ yẹn sì ni ilé yín lọ́jọ́ náà. Kì í dúró de ẹni tó dá rìn. Nígbà ooru, aago mẹ́wàá alẹ́ lè lù kí ojúmọ́ ṣì wà, nítorí náà ẹ má fi oòrùn ka àkókò. Aago Nọ́wè fi wákàtí kan ṣáájú ti Britain, aago ọkọ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti fóònù yín. Ti ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí ìdajì àkókò bá ti lọ, ẹ yí padà, kódà kí ṣọ́ọ̀ṣì ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Bíbọ̀ a máa yá ju lílọ lọ, torí ó dà sísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi wo ilé ohun àtijọ́ ọkọ̀ ojú irin tó wà létí èbúté. Ọ̀fẹ́ ni.