Ohun Ìṣeré fún Ológbò Inú Ilé Kékeré

Ẹ̀kọ́ ti ẹ̀ẹ̀yí lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ lè wí pé, "Ọmọ yìí, ṣé ohun ìṣeré ológbò ni wọ́n rán ọ wá kọ́ wa?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbàdo àti ẹ̀wà inú àpò yín ni.

OHUN TÍ MO RÍ NÍ ÌJÀYÈ

Ìyá kan ní Ìjàyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ń gbé yàrá kan àti pálọ̀. Inú pálọ̀ yẹn náà ni àpò àgbàdo 4 wà, pẹ̀lú irúgbìn tí wọ́n fẹ́ gbìn nígbà tí òjò bá dé. Wọ́n gba ọmọ ológbò kan kí èkúté má bàa jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ń bẹ̀rù kó má sá lọ, ni wọ́n bá fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ológbò ti fi èékánná ya àpò 2, ó ti ha ọmọ-ọmọ wọn lọ́wọ́, ó sì ń ké ní gbogbo òru. Èkúté ń kọjá níwájú rẹ̀. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ọ̀lẹ ni. Mo fẹ́ lé e dànù, kí n lọ ra ọ̀tápìápíá."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ 3. Ológbò yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ló dilẹ̀, okùn ló sì dè é.

ÌDÍ TÍ OLÓGBÒ FI Ń ṢERÉ

Ọdẹ ni ológbò. Eré rẹ̀ kì í ṣe eré lásán, iṣẹ́ ọdẹ ló ń kọ́. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é: á ba, á rọra yọ́ lọ, á fò mọ́ ọn, á gé e jẹ. Ó lè sùn tó wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́. Kùtùkùtù àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ara rẹ̀ máa ń yá jù. Bí kò bá rí nǹkan lé ní àkókò yìí, àpò, ẹní àti ẹsẹ̀ ọmọdé ni yóò máa lé.

Àárín ológbò àti àgbẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí ibojì kan ní erékùṣù Sípírọ́ọ̀sì, níbi tí wọ́n sin ènìyàn àti ológbò sí nítòsí ara wọn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Èkúté tó ń jẹ ọkà nínú àká ni wọ́n gbà pé ó fa ológbò wá sọ́dọ̀ wa.

OHUN ÌṢERÉ 5 TÍ KÒ NÁ YÍN LÓWÓ

1. Ṣúkù àgbàdo: Ẹ jù ú sílẹ̀ kó máa yí lọ. Bó bá ti ń já wẹ́wẹ́, ẹ kó o dànù, kí ẹ mú òmíràn.

2. Ìyẹ́ adìyẹ lórí ọ̀pá: Ẹ fi okùn tó yi so ìyẹ́ mọ́ ọ̀pá tó gùn tó apá. Ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ bí ìgbà tí èkúté ń sá lọ, kí ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn àpò, kí ẹ tún yọ ọ́ jáde. Ẹ má fi lé ológbò lójú. Èkúté kì í sáré bá ológbò. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 tó, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní ìparí, ẹ jẹ́ kó mú un, kí ẹ sì fún un lóúnjẹ. Ọdẹ tí kì í rí ẹran pa, á sú u.

3. Páálí òfìfo: Ẹ gé ihò 2 sí i lára. Á wọ inú rẹ̀ lọ ba.

4. Ìgò oníke: Ẹ yọ ìdérí àti òrùka ọrùn rẹ̀ dànù. Ẹ dá ihò sí i lára, kí ẹ fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ sínú rẹ̀. Bó bá ń yí i, ẹja á máa bọ́ sílẹ̀.

5. Igi tí a fi àpò ọ̀gbọ̀ wé: Ó gbọ́dọ̀ ga tó ibi tí ológbò lè nà dé, kó sì dúró gbọn-in. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpò tó ń ya. Ibẹ̀ ni yóò ti máa pọ́n èékánná rẹ̀.

Ilé kékeré kò ní àyè nílẹ̀, àmọ́ ó ní òkè. Ẹ kan pákó kan mọ́ ògiri kí ológbò lè gun un. Ohun ìṣeré 2 péré ni kí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, ẹ kó wọn pamọ́, kí ẹ mú òmíràn jáde. Ohun tí ojú ti rí títí, ojú kì í kà á sí mọ́.

BÍ A ṢE Ń YÀN ÁN

Kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè 3:
- Ṣé ó ń rìn bí ohun tí à ń lé?
- Ṣé ó tóbi débi tí kò lè gbé e mì?
- Ṣé kò ní òwú, abẹ́rẹ́, rọ́bà tàbí ọ̀rá tó lè já sí i lẹ́nu?

ÌKÌLỌ̀

Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe rí. Mo fi òwú ìránṣọ so ìyẹ́ adìyẹ, mo fi sílẹ̀ fún ológbò mi mọ́jú. Ó gbé òwú náà mì. Mo rò pé aràn ni, mo fún un ní oògùn aràn. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Ahọ́n ológbò rí gàgà-gàgà, gàgà náà sì kọjú sẹ́yìn; bí òwú bá ti wọlé, kò rọrùn fún un láti tu ú. Òwú sì lè gé ìfun. Nítorí náà, bí eré bá ti parí, ẹ gbé ohun olókùn kọ́ sókè. Bí òwú bá yọ lẹ́nu tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fà á o! Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran.

Ẹ má fi ọwọ́ yín ṣe ohun ìṣeré, kó má bàa rò pé ẹran ni ọwọ́ ènìyàn. Ẹ má sì da ọ̀tápìápíá tàbí oògùn eku pọ̀ mọ́ ológbò nínú ilé kan. Oògùn tí èkúté bá jẹ lè pa ológbò tó bá jẹ èkúté náà, ó sì lè pa ọmọdé.

ÌPARÍ

Ní Ìjàyè, a tú okùn náà. A ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ kó lè mọ ilé. Kí ọ̀sẹ̀ 3 tó pé, ó ti gbé èkúté kan wá síwájú ìyá lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọ̀tápìápíá mọ́.

Àmọ́ ológbò nìkan kò tó. Ẹ gbé àpò yín lórí pákó, ẹ dí ihò ògiri, ẹ fi páànù yí ẹsẹ̀ àká, ẹ sì máa bo oúnjẹ, nítorí èkúté ló ń gbé ibà Lassa wọlé. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ológbò bí ẹ ṣe ń gbà á fún ajá.

Ẹ mọ̀ pé bí ológìnní bá rìnrìn àjò, ilé á di ilé èkúté. Tiwa tó wà nílé, ẹ jẹ́ ká fún un níṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bá òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tó wà ládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ire o.