Kí Ni Mẹkáníìkì Gba Owó Lé Lórí?

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ta ni yóò jiyàn ìyẹn nílẹ̀ Yorùbá? Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn kan ṣe ń fi òwe náà pa ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí lẹ́nu mọ́. Ẹnu ọ̀gá mẹkáníìkì kan nílùú Ìbàdàn ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Tísà kan tó ti fẹ̀yìntì ló ń sọ ọ́ fún, ìyá tó tó bí i lọ́mọ, tó di bébà mú, tó ń yí i síwá sẹ́yìn.

Toyota Corolla ọdún 2005 ni Màmá gbé wá. Iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ náà sì máa ń gbọ̀n nígbàkigbà tó bá dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ìlà kan péré ló wà lórí bébà tí wọ́n fún un: "Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, ₦168,000." Màmá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, kí lẹ ṣe sí i gan-an?" Ọ̀gá ní àwọn ti pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù epo, plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti kọ́ìlì méjì. Ó wá fi òwe kádìí ọ̀rọ̀. Màmá sanwó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iná ti tún tàn, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mẹkáníìkì mìíràn ló rí àléébù náà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó wá fọwọ́ tẹ rọ́bà dúdú tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ilé fílítà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí rọ́bà yẹn bá wà ní ìdúró, ẹ ò ní rí nǹkan kan lára rẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ó yanu. Ó ti ya láàárín ìṣẹ́po méjì, lápá ìsàlẹ̀ tí ojú ò tó. Ó fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ díẹ̀ síbẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́jà Àrárọ̀mí ní Gate, wọ́n ra rọ́bà tòkunbọ̀ ní ₦9,000. Owó iṣẹ́ tó gbà jẹ́ ₦5,000. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé owó tó gbà yẹn kéré jù, èmi ò sì tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí ní olè ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ki sikánà bọ ọkọ̀ náà, sikánà fún un ní kóòdù P0171. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní irú ojú kan náà tí sikánà ń wọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Corolla tòkunbọ̀ tó kún ìgboro wa ti wá. Sikánà wúlò, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò sí kóòdù kankan tó ń sọ pé kí ẹ lọ ra pọ́ọ̀ǹpù. Gbogbo ohun tí P0171 ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo tó ń bá a wọlé lọ. Pọ́ọ̀ǹpù tó ti rẹ̀ lè fà á. Nọ́súlù tó dí lè fà á. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lè ti dọ̀tí, kó máa ka afẹ́fẹ́ kéré sí bó ṣe wà. Rọ́bà tó ya náà lè máa gba afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ò mọ̀ nípa rẹ̀ wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni kó máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò ní ná oníǹkan ní kọ́bọ̀. Ọwọ́ lásán ló fi ń tẹ rọ́bà. Géèjì wà tí wọ́n fi ń wọn agbára pọ́ọ̀ǹpù epo kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́ ikú. Ẹni tó bá ka kóòdù tán tó sì mú ọ̀nà ọjà pọ̀n ò tíì ṣe iṣẹ́ kankan, bó ti wù kí òógùn bò ó tó nígbà tó ń tú tánkì.

Kí ló wá dé tí ọ̀gá náà ò fi yẹ̀ ẹ́ wò? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn onímọ́tò nìyí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Kò sí owó tó ń dun onímọ́tò láti san tó wọ́kímánṣíìpù, ìyẹn owó iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní páàtì jẹ́ ₦70,000, á ráhùn díẹ̀, á san án. Bí wọ́n bá ní owó iṣẹ́ jẹ́ ₦15,000, ilé á gbóná: "Nọ́ọ̀tù méjì tí o tú yẹn náà?" Mẹkáníìkì yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún sin ọ̀gá kó tó gba fíríìdọ̀mù. Ó fowó ra sikánà àti irinṣẹ́, ó ń san owó ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wà, ó ń bọ́ ọmọ iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹun. Nígbà tí ẹ ò jẹ́ kó jẹun níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sínú owó páàtì: pọ́ọ̀ǹpù tó rà ní ₦50,000 di ₦70,000 lórí bébà yín. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tó bá pààrọ̀ ló ń bọ́ ọ. Àléébù tó bá rí kò bọ́ ọ mọ́. Ẹni tó fi ọgbọ́n rí rọ́bà tó ya gba ₦5,000. Ẹni tó yọ pọ́ọ̀ǹpù tí kò ṣe nǹkan kan gba ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin lórí pọ́ọ̀ǹpù yẹn nìkan, ká má tíì sọ ti plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Bí ètò bá rí báyìí, olóòótọ́ ni yóò kọ́kọ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, bí owó bá pọ̀, ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di ìrẹ́jẹ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí náírà jẹ́ sí dọ́là, páàtì ò dúró lójú kan mọ́, torí dọ́là ni wọ́n fi ń kó wọn wọlé, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹ má fi iye tí ẹ san lọ́dún 2022 bá mẹkáníìkì yín jà. Ẹ béèrè iye tó ń lọ lọ́jà, ní Àrárọ̀mí tàbí ní Ládípọ̀ ní Mushin, kí ẹ sì sọ irú èyí tí ẹ fẹ́, torí iye tuntun, iye tòkunbọ̀ àti iye èyí tí wọ́n ń pè ní Taiwan kò bára dọ́gba rárá.

Owó tó tọ́ ni owó tó lè dúró kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo fẹ́ rí mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí bébà: owó àyẹ̀wò, owó páàtì pẹ̀lú irú tó jẹ́, àti owó iṣẹ́. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní kí oníṣòwò fi iye ọjà rẹ̀ hàn, ó sì ní kí ẹni tó bá ń ta àlòkù jẹ́ kó hàn gbangba pé àlòkù ni. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin àtúnṣe ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ láti ọdún 1971 le ju tiwa lọ: mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ iye tó máa jẹ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó gba àṣẹ bí owó bá fẹ́ lé, kó sì dá páàtì àtijọ́ padà fún ẹni tó bá ti béèrè rẹ̀. Kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa. WhatsApp tó: "Ọ̀gá, ẹ má tú nǹkan mìíràn kí ẹ tó pè mí." Gbólóhùn tó ń ba owó jẹ́ jù ni "Ẹ ṣáà bá mi ṣe é," nítorí kò sí ààlà nínú rẹ̀.

Ẹ gba páàtì àtijọ́ yín. Màmá ò béèrè tirẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù tó ṣeé ṣe kó ṣì dára sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ohun mìíràn wà tí ojú lásán lè dá lẹ́jọ́: páàdì bíréèkì tuntun sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10, bó bá ti kù sí 3, àsìkò àtipààrọ̀ rẹ̀ ti tó. Bí wọ́n bá ní tiyín ti tán, ẹ ní kí wọ́n gbé e wá kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Àwọn tó ń fi òwe ọbẹ̀ yìí gbowó ti dojú rẹ̀ kodò. Ọbẹ̀ tó ti dùn lẹ́nu ni òwe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ta ló sọ pé gbogbo ọbẹ̀ tí wọ́n náwó sí ló ń dùn? Ẹni tó ń jẹun máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Onímọ́tò ń sanwó kó tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ dára. Bí a tilẹ̀ gba òwe náà bó ṣe wà, kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Corolla yìí: ₦168,000 ò mú kó ṣíwọ́ gbígbọ̀n, ₦14,000 ló mú kó ṣíwọ́, àti ẹni tó mọ ibi tó yẹ kóun tẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì jọ fẹnu kò sí owó àyẹ̀wò kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá sì wá jẹ́ rọ́bà lásán ló rí, ẹ san án pé. Ẹ má yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú rẹ̀ torí pé kò pẹ́ kó tó rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú nítorí pé ẹ béèrè bó ṣe mọ̀ pé pọ́ọ̀ǹpù ló bàjẹ́, ẹ san owó àyẹ̀wò rẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ síbòmíràn.