Ẹ̀kọ́ Wa: Ọ̀nà Wo ni Wáyà Kẹ̀kẹ́ Yóò Gbà?

Ọ̀kan nínú wa yá owó ẹgbẹ́, ó fi jó férémù kẹ̀kẹ́ tí yóò máa gùn lọ síbi iṣẹ́. Ó jẹ́ kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ àti apá òun, ó yan ọ̀dà tó wù ú, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí wáyà bíréèkì àti ti jíà yóò gbà. Nígbà tí òjò dé, bíréèkì ẹ̀yìn le, kò sì jẹ mọ́. Díẹ̀ ló kù kí ó kọlu ọmọ iléèwé kan. Nígbà tí a tú u wò, omi àti iyanrìn ti wọ inú rọ́bà wáyà, wáyà sì ti dógùn-ún.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mẹ́ta ni ọ̀nà tí wáyà lè gbà.

Èkíní ni inú ọ̀pá férémù. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bí a kò bá jó ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ fún wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni pípààrọ̀ wáyà yóò jẹ́, omi tó bá sì gba ẹnu ihò wọlé lè máa jẹ irin láti inú.

Èkejì ni ìta, tí wáyà wà níhòòhò láàárín àwọn irin kékeré tó dá rọ́bà dúró. Ó fúyẹ́, wáyà sì ń yọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀kùn fún omi. Èyí ni ti ará wa.

Ẹ̀kẹta ni ìta pẹ̀lú, ṣùgbọ́n rọ́bà bo wáyà láti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ títí dé ìdí bíréèkì. Ó wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn láàárín ọ̀nà, alátùnṣe ẹ̀bá ọ̀nà sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Fún ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lójò lẹ́ẹ̀rùn, èyí ni àwa yàn.

Nítorí náà, kí wọ́n tó kun ọ̀dà, ẹ sọ nǹkan wọ̀nyí fún ẹni tí ń jó férémù:

1. Irú bíréèkì àti jíà tí ẹ óò lò.

2. Kí wáyà bíréèkì ẹ̀yìn gba abẹ́ ọ̀pá òkè, kí ti jíà gba abẹ́ ọ̀pá tó dagun wá sí ìdí pẹ́dà.

3. Kí ìkọ́ tí yóò di rọ́bà mú gbà á wọlé: ti bíréèkì sábà máa ń jẹ́ mílímítà 5, ti jíà mílímítà 4.

Kí ẹ tó gé rọ́bà, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ó bá fà, ó kúrú. Ẹ má sì fi rọ́bà jíà ṣe ti bíréèkì láé. Irin inú rọ́bà bíréèkì lọ́ yípo. Ti jíà nà gbọọrọ, ó sì lè bẹ́ bí a bá tẹ bíréèkì kíkankíkan.

Ará wa ti dá férémù rẹ̀ padà. Wọ́n lu ihò àwọn irin kékeré náà fẹ̀ kí rọ́bà lè kọjá, wọ́n sì tún ọ̀dà kùn. Ọ̀rọ̀ tí ì bá fi ẹnu sọ lọ́fẹ̀ẹ́, owó ni ó fi sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yá owó kẹ̀kẹ́.